Ọkọ̀ Àdáni Tí Mo Háyà fún Ọjọ́ Ìbí Bàbá Rẹ

Ilé wa, ẹ̀bá Adágún Okeechobee,
Ọjọ́ Ajé kejì lẹ́yìn Ọjọ́ Ìdúpẹ́.

Rozelle, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí kọfí àti búrẹ́dì náà lo ṣì ń fi tan ikùn rẹ jẹ? Ìlú Orlando ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ọkọ̀ ojú omi tí ò ń wà ńkọ́, ọ̀gá rẹ tí kì í fún ọ láyè ńkọ́? Ọlọ́run tó ń bá ọ wọ ọkọ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀ kí o tó gúnlẹ̀. Omi kò ní gbé ọ, iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn lókè orí rẹ lálaalẹ́ kò ní já lé ọ, àwọn èrò tí ò ń gbé kò sì ní fi ìjà tí wọ́n gbé ti ilé wọn wá kó bá ọ. Àmín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ń ké, ti òsì ń gbè é, ṣùgbọ́n mo ṣì ń dìde.

Ìwọ náà mọ ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Tí mo bá pè ọ́, kí n tó kí ọ tán, wàá ní, Màmá, mo ti ń wọ ibi iṣẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà, fóònù á sì dákẹ́ sí mi lọ́wọ́ bí ẹní kú, n ó máa wò ó títí dọjọ́ Ìsinmi. Lẹ́tà kò ní ibi tí o ti lè tẹ̀ ẹ́ pa. Jókòó, kí o kà á tán. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó tutù kí n tó sọ tẹnu mi.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun oko ìrèké, eérú dúdú ń bọ́ sórí aṣọ funfun tí mo bá sá, n ó fọ̀ ọ́, n ó tún un fọ̀, kó tó gbẹ ó ti dà bí aṣọ ẹni tó ń ta èédú. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọ̀nì kan gòkè wá láti inú omi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó nà gbalaja síwájú ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó lè jáde, ni Pásítọ̀ Tolliver bá rí wa mú, ó wàásù títí ebi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ó ní Ọlọ́run ló rán ọ̀nì náà. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ẹran tí mo gbé kaná jóná.

Bàbá rẹ wà dáadáa, àfi òòyì tó ń kọ́ ọ. Láti ìgbà tí dókítà ti ní kó má dá wọ ọkọ̀ mọ́, orí òkè tí ìjọba fi dí ẹnu adágún ló ń lọ jókòó sí láti àárọ̀, tí yóò máa bá àwọn apẹja wí láti òkè ibẹ̀. Ó ní eléyìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọjú sí afẹ́fẹ́, ó ní tọ̀hún ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbé ọ lé orí korobá funfun yẹn nínú ọkọ̀ òun ní kékeré rẹ, tí òun ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀, kí ojú rẹ lè yọ sókè kí o lè rí iwájú, òun kò tíì tún rí ẹni tí wọ́n sọ fún lẹ́ẹ̀kan tó sì gbọ́. Àwọn apẹja náà kì í gbọ́ ohun tó ń wí, wọ́n jìnnà, ṣùgbọ́n ó ń wí i. Tó bá wọlé nírọ̀lẹ́, ohun àkọ́kọ́ tó máa bi mí ni pé apá ibo ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ní Orlando. Èmi! Ṣé èmi ni mò ń fẹ́ ẹ ni?

Ó dáa, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Bàbá rẹ máa pé ẹni àádọ́rin ọdún ní Sátidé kejì oṣù Kìn-ín-ní. O mọ̀. Nígbà tí o pè wá lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, a gbé fóònù sáàárín oúnjẹ, a fi ti ara ife omi, kí bàbá rẹ lè gbọ́ ọ dáadáa. O ní o ò ní lè wá fún ọjọ́ ìbí náà, o ní orí omi ni wàá wà, pé Sátidé ni èrò ń pọ̀ jù lọ. A ní kò burú. Ọdún kẹta rèé tí a ti ń sọ pé kò burú. Lẹ́yìn náà lo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rín sọ fún wa nípa bàbá kan tó ti Ohio wá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ háyà ọkọ̀ yín fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. O ní ìwọ lo bá wọn tan àbẹ́là, ìwọ lo dá orin, o ní bàbá náà sunkún, ó dì mọ́ ọ, ó ní ṣe lo dà bí ọmọ òun. Rozelle! Bàbá rẹ gbé àwo rẹ̀, ó lọ síbi tí a ti ń fọ àwo, ó ń fọ àwo kan ṣoṣo náà, ó ń fọ̀ ọ́, títí tí mo fi ní kó jọ̀ọ́ kó fi í sílẹ̀ kó má bàa lu. Òun kọ́ ló rán mi. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Ó dùn wá.

Ìwọ náà ò ṣáà gbàgbé ọdún tí o fi tíkẹ́ẹ̀tì ọgbà ìgbafẹ́ yín ránṣẹ́ sí wa. A wá, a dúró lórí bèbè láàárín ogunlọ́gọ̀ èèyàn, iná ń bú gbàù lókè, ó ń tú jáde ní pupa, ní àwọ̀ ewé, gbogbo ayé gbójú sókè wọ́n ń pariwo, bàbá rẹ nìkan ló ń wo omi. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké yín wà lọ́hùn-ún tí wọ́n tan àtùpà, kò mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ, ló bá ń juwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn fun fèrè. Ó ní, Ardelia, òun nìyẹn, ó ti rí wa! Ó ń sọ ọ́ títí a fi délé. Nígbà tí o wá sọ fún mi pé adágún kejì ni wọ́n gbé ọ lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kó gbọ́. Títí di òní olónìí, ohun tó gbà ni pé ìwọ lo fun fèrè yẹn.

Mo wá jókòó, mo rò ó. Mo ní bí àwọn ará Ohio bá lè háyà ọmọ mi, èmi náà lè háyà rẹ̀.

Bí mo ṣe pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ yín nìyẹn. Obìnrin kan gbé e, ó kí mi káàbọ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ tutù, èmi náà kí i, mo béèrè ilé, mo béèrè ọmọ, kò dá mi lóhùn, ó ní kí n tẹ oókan bí mo bá fẹ́ báyìí, kí n tẹ eéjì bí mo bá fẹ́ báyẹn. Mo ní, ọmọ mi, mi ò fẹ́ tẹ nǹkan kan, ọkọ̀ ni mo fẹ́. Ó ní òun kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo pariwo ọ̀rọ̀ náà. Ó tún ní òun kò gbọ́. Mo ní ṣé etí ń dùn ọ́ ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òróró gbígbóná tí màmá mi máa ń kán sí wa létí, ó ní ẹ ṣeun, ẹ mú sùúrù, ló bá ki orin bọ̀ mí létí. Ẹ̀wà tí èmi àti Ìyá Hasseltine jókòó tì tí a ń bó tán pátá, orin kò tán. Bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ kí wọ́n gbé ọmọbìnrin yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó níwà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn rárá.

Ìyá Hasseltine ló ní kí n fi orin sílẹ̀, kí n lọ kọ orúkọ wa sójú fóònù fúnra mi. O ṣì mọ̀ wọ́n, àwọn ṣì ni olórí Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ wa, wọ́n ṣì ń fi ojú kan ṣoṣo wo èèyàn tí wọ́n bá fẹ́ bá wí. Mo débẹ̀, fóònù ní kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Kí n kọ́kọ́ fi hàn! Ta ló máa jókòó tí yóò ṣe ẹ̀rọ, tí yóò wá fún un ní irú orúnkún tí mo ní yìí? Ó ní tó bá jẹ́ pé èèyàn ni mí lóòótọ́, kí n tẹ gbogbo àwòrán tí ọkọ̀ ojú omi bá wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní ọwọ́ wa ni wọ́n bọ́ sí yìí, mo ké sí bàbá rẹ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kan ọkọ̀. Ó fi awò sójú, ó wò ó. Ó ní èyí kì í ṣe ọkọ̀, pákó ni wọ́n so pọ̀. Ó ní èyí ti jẹ́ ọkọ̀ rí, ṣùgbọ́n bí ìdí rẹ̀ ṣe là yẹn, kò lè léfòó mọ́, kí n fò ó. Ó ní ibi tí okùn nìkan ti hàn yẹn, kí n tẹ̀ ẹ́, torí pé okùn ọkọ̀ ni, òun mọ ìso rẹ̀. Fóònù ní a kùnà. Ó kó òmíràn wá, a tún kùnà. Bàbá rẹ fárí gá, ó ní ta ló ń ṣe ìdánwò yìí, kó jáde wá sí ojú omi kí àwọn jọ sọ ọ́. Ìyá Hasseltine, tí wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ àti ọpọ́n ìfọṣọ, gba fóònù lọ́wọ́ wa, wọ́n tẹ èyí tó wù wọ́n, kíá, fóònù ní èèyàn ni wọ́n. Bàbá rẹ kò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi lọ ilé wọn.

Wàhálà kejì ni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ àdáni ni. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi kà á sókè. Bàbá rẹ ní àdáni kẹ̀? Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Ó wo iye owó tó wà nídìí rẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ju iye yìí lọ, ó ní àwọn ará Orlando yìí kò mọ iye ọjà wọn, kí n tètè san án kí wọ́n tó yí i padà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń palẹ̀ abà mọ́. Àwọ̀n tó ti wà ńbẹ̀ látìgbà tí o wà ní kékeré, ó ti kó o jáde. Ó ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ tí a fi ń wọ́ ọkọ̀ wálé. Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi gbẹ pé wákàtí kan àti díẹ̀ la fi gbà á, pé a ó fi sílẹ̀ fún wọn tó bá yá. Ó ní ohun àdáni ni ohun àdáni. Mo wá fi àwòrán rẹ̀ hàn án, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀: pẹpẹ títẹ́jú kan tó jókòó lórí àgbá gígùn méjì, àga tìmùtìmù yí i ká, wọ́n na ìbòòrùn sí i lókè. Ó wò ó títí. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọkọ̀, ó ní fàráńdà ló já kúrò lára ilé ẹnì kan. Síbẹ̀ kò yé palẹ̀ abà mọ́, lónìí yìí gan-an ibẹ̀ ló wà, mò ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀.

Wàhálà kẹta ló wá ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìlú yín ló sì fà á. Ọmọbìnrin kan pè mí láti ọ́fíìsì yín, èèyàn gidi lèyí, ó ń dáhùn tí mo bá béèrè ilé. Ó ní òun rí orúkọ wa, ìbéèrè díẹ̀ ló kù. Ó ní, Màmá, ẹgbẹ́ yín, ẹ̀yin mélòó ni? Rozelle, kí lo fẹ́ kí n sọ? Ẹgbẹ́ wo ni mo tún wà láyé mi ju Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ lọ? Mo ní mẹ́tàdínlógún ni wá, ṣùgbọ́n méjì nínú wa kò lè gun àtẹ̀gùn. Ó ní háà, Màmá, ọkọ̀ kan kì í gbà ju mẹ́wàá lọ, àfi kí ẹ gba méjì. Mo ní mi ò sọ pé kó gbà wá, ìwọ lo bi mí. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé àwọn tó ń bọ̀ wọ ọkọ̀ ló ń pè ní ẹgbẹ́. Ìlú wo nìyẹn! Èèyàn méjì jọ dúró lójú kan, ẹ ti pè é ní ẹgbẹ́, kò ní alága, kò ní akápò, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé pẹ̀lú àdúrà.

Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó yí i sí mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìyá Hasseltine wà nídìí tábìlì mi lọ́jọ́ yẹn náà, wọ́n gbọ́ mẹ́tàdínlógún, wọn kò dúró gbọ́ mẹ́wàá. Nígbà ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, wọ́n dìde, wọ́n ní kí ìjọ bá Ardelia yọ̀, ó ti háyà ọkọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ láti lọ wo iná aláràbarà ní Orlando. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Pásítọ̀ gbàdúrà lé mi lórí. Ìyá Ludie, tí kò kúrò ní ìlú yìí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ń nu ojú nù. Ṣé kí n wá dìde kí n ní irọ́ ni? Mo jókòó síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Wọ́n ti ń jà báyìí lórí ẹni tó máa jókòó síwájú, torí pé fìlà àwọn kan fẹ̀ jù, ẹni tó bá wà lẹ́yìn wọn kò ní rí ju ìyẹ́ lọ. Bàbá rẹ ní tí gbogbo wọn bá lè wọlé, fàráńdà yẹn kò ní lọ síwájú, kò ní lọ sẹ́yìn, ilẹ̀ odò ló máa lọ tààrà.

Ti káàdì báńkì, mi ò ní sọ ọ́ gùn. Ọmọbìnrin náà ní kí n ka nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì fún òun. Ẹni tó wà ní báńkì wa sì ti ní n kò gbọ́dọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù, ìbáà jẹ́ áńgẹ́lì. Mo pa fóònù mọ́ ọn lójú. Ó tún pè, mo tún pa á. Níkẹyìn mo gbé fóònù lọ sí báńkì, mo ní kí ọkùnrin náà dúró tì mí kó máa gbọ́ bí mo ṣe ń kà á, kó lè jẹ́ pé níwájú rẹ̀ ni wọ́n ti jí i. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní báwo ló ṣe wá rí? Ó fa àga fún mi, mo jókòó, mo kà á tán.

Ọmọbìnrin náà tún bi mí bóyá ó ní ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í jẹ. Mo ní dókítà ti gba iyọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ, pé Ìyá Hasseltine kì í sì í jẹ oúnjẹ tí ẹni tí wọn kò mọ ìyá rẹ̀ bá sè. Mo gbọ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bí òjò bá rọ̀ tí wọn kò lè yin iná náà, ọkọ̀ á ṣì gbé wa jáde, wọn kò sì ní dá owó padà. Mo ní kò sí wàhálà, mo ní kí wọ́n kúkú má yìn ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣeré. Iná wo la ò rí rí? Wọ́n ń sun ìrèké lójú fèrèsé wa lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ga ju ilé ìjọsìn lọ, kò sẹ́ni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa.

Ó wá ní ṣé ẹ̀bẹ̀ pàtàkì kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń dúró dè é láti àárọ̀. Mo ní ó wà. Mo ní Rozelle ni mo fẹ́ kó wa ọkọ̀ wa. Ó ní, Màmá, gbogbo atukọ̀ wa ló mọṣẹ́, ẹni tó bá kàn lọ́jọ́ náà ló máa gbé yín. Mo ní mo gbọ́, Rozelle ni mo fẹ́. Ó ní àwọn kì í jẹ́ kí èrò ṣa atukọ̀, pé tí àwọn bá ṣe é fún ẹnì kan, gbogbo ayé ló máa béèrè. Mo ní gbogbo ayé kọ́ ló bí i. Kò gbọ́ èyí dáadáa, ó ní ṣé mo ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ rí ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ fi wù mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá o, èmi kò wọ tiẹ̀ rí, òun ló wọ tèmi, oṣù mẹ́sàn-án ló fi wà níbẹ̀. Ni mo bá gbọ́ tó ń fa imú. Ó ní, Màmá, mi ò lè ṣèlérí fún yín, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ohun kan ni pé àwọn atukọ̀ lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tí wọ́n bá fi ẹnu kò, pé ọ́fíìsì kì í bá wọn wí tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó kù sọ́wọ́ rẹ nìyẹn, Rozelle. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Kò mọ̀ pé mo béèrè rẹ. Ó rò pé ọkọ̀ la fẹ́ lọ gbé wálé, tí a ó sì fẹsẹ̀ kan náà wo iná. Mi ò fẹ́ sọ fún un kó wá di pé yóò tún jókòó láàárín omi, yóò máa juwọ́ sí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó tó gẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè tún dúró tì í wo ìyẹn. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá kàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lọ bá a, bẹ̀ ẹ́, bá a ṣiṣẹ́ ọjọ́ mìíràn dípò rẹ̀, se ẹja àrọ̀ fún un, ohun tó bá gbà ni kí o fún un. Má sọ fún mi pé o máa gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ pé o máa gbìyànjú yẹn ti sú mi, mo ti gbọ́ ọ ní Kérésìmesì mẹ́ta. O ń gbé bàbá ẹni ẹlẹ́ni lálaalẹ́. Gbé tìrẹ lẹ́ẹ̀kan.

Èkejì, pe Ìyá Hasseltine. Sọ fún wọn pé ìwọ atukọ̀ lo sọ ọ́ pé mẹ́jọ péré nínú àwọn ìyá ló lè wọlé pẹ̀lú èmi àti bàbá rẹ, kí àwọn tó kù wá wò ó lórí bèbè, bọ́ọ̀sì ìjọ á gbé wọn. Tí èmi bá sọ ọ́, ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Tí ìwọ bá sọ ọ́, òfin ojú omi ni. Fi Ìyá Ludie kún àwọn mẹ́jọ náà, mo bẹ̀ ọ́, kí o sì ní kí wọ́n ṣí fìlà tí wọ́n bá ti wọlé.

Ẹ̀kẹta, fi owó ránṣẹ́. Má fa ojú ro, mi ò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ọmọbìnrin yẹn ní àṣà ibẹ̀ ni kí èrò fi nǹkan sí atukọ̀ lọ́wọ́ tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, pé kì í ṣe dandan ṣùgbọ́n ó yẹ. Bàbá rẹ gbọ́ ọ, ó ní òun fúnra òun ló máa fún atukọ̀ náà, níwájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n má bàa ní àwọn ará adágún kò lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ti bá ọkọ̀ lọ. Nítorí náà fi owó tí bàbá rẹ máa fún ọ ránṣẹ́ sí wa. Má fi èyí tó kéré jù ránṣẹ́, kó má bàa tì í lójú, má sì fi èyí tó pọ̀ jù ránṣẹ́, torí pé tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló wa ọkọ̀ náà, owó rẹ ló máa bọ́ sápò rẹ̀, wàá sì mọ̀ pé ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ fà á.

Ó tó báyìí, ọwọ́ ti ń ro mí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a sọ ọ́ nù sínú ìlú ńlá. Èbúté tí o bá kọrí sí, wàá dé ibẹ̀. Atẹ́gùn yóò máa ti ẹ̀yìn rẹ fẹ́. Ìwọ náà yóò ní ẹni tí yóò dá orin fún ọ lọ́jọ́ ogbó rẹ, kò ní jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ ẹ̀wù òtútù tí o bá ń lọ sórí omi, mo mọ̀ pé o kì í wọ̀ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Ardelia.

Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó rí ohun mìíràn, ni mo ṣe tún ṣí i. Bàbá rẹ wọlé láti inú abà báyìí. Ó fa korobá funfun àtijọ́ yẹn jáde láti abẹ́ àwọ̀n, ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nínú àti lóde, ó sì ti gbé e sẹ́yìn mọ́tò wa, nígbà tí ìrìn àjò ṣì ku oṣù kan. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi korobá ṣe nínú ọkọ̀ tí àga tìmùtìmù yí ká. Kò wo ojú mi. Ó ní ti atukọ̀ ni, ó ní a ò lè mọ̀, bóyá atukọ̀ náà kúrú.